Dókítà Sapara, ọkùnrin tó wọ inú awo Ṣọ̀pọ̀ná

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì rí á mọ Ìta-Ògbólú. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí mo bá rí láfún tí wọ́n sá sẹ́bàá títì, eku ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Eku tó bá tọ̀ sí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lè kó ibà Lassa wọ ilé, ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí sì wà lára ibi tí àìsàn náà ti ń dààmú èèyàn jù ní Nàìjíríà. Ọdọọdún ló ń wá, ọdọọdún náà la máa ń ṣe bíi pé ó bá wa lójijì.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Dókítà Ògúntọ́lá Sapara fún yín.

Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1861. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, ó wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kí wọ́n tó gbà wọ́n sílẹ̀. Alexander Johnson Williams ni wọ́n sọ ọ́, àmọ́ nígbà tó dàgbà, ó da orúkọ òyìnbó yẹn nù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Christopher Sapara Williams, lọ́yà àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni àbúrò kọ́kọ́ kọ́ l'Ékòó, ó wá lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn nílé ìwòsàn ìjọba ní Accra, kó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Bìrìtìkó. Ó yege lọ́dún 1895. Nígbà tó di 1896, ó ti padà s'Ékòó, ó di dókítà ìjọba.

Ṣọ̀pọ̀ná ló bá nílé. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà láyé, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń sá fún un. Ẹ̀rù ló fà á. Wọn kì í dárúkọ àìsàn náà gbangba, Olóde tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá pa, ẹbí ò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Àwọn àwòrò ló máa gbé òkú lọ, wọ́n á sì kó aṣọ àti ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wò ó dáadáa: àìsàn tá ò gbọdọ̀ dárúkọ, ta ló máa tètè lọ sọ fún dókítà?

Sapara ò jókòó sí ọ́fíìsì. Ní 1897, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó wọ inú awo náà láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó bá wá. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn kan lára àwọn àwòrò ń ha èépá ara aláìsàn pamọ́, tí wọ́n sì ń fi í kó àrùn ran ẹlòmíì. Mi ò sọ pé gbogbo olórìṣà ló burú o. Sapara gan-an ò kórìíra ìṣègùn ìbílẹ̀, ó máa ń yẹ ewé àti egbò wò láti mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Àbọ̀ tó jẹ́ wà lára ohun tó mú kí ìjọba ṣòfin tó de ìsìn náà.

Àmọ́ òfin nìkan ò lé ṣọ̀pọ̀ná lọ. Ní ìparí ọdún 1966, nígbà tí abẹ́rẹ́ ò tó ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ ń wádìí ibi tí àìsàn náà wà gan-an, wọ́n á wá fún àwọn tó yí aláìsàn ká lábẹ́rẹ́. Ọgbọ́n yẹn ló ṣiṣẹ́. Ní 1970, ṣọ̀pọ̀ná kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Sapara ò sí láyé mọ́ nígbà náà. Ó ti bá ìjọba jà lórí ilé tó há gádígádí l'Ékòó kí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri tó ṣọṣẹ́ níbẹ̀ ní 1924. Ó fẹ̀yìn tì ní 1928, ó kú ní 1935.

Ohun tí mo rí kọ́ lára rẹ̀ ni pé ohun tá a bá ń fi pamọ́, a ò lè múra sílẹ̀ dè é. Títí dòní, àwọn kan ń gbé aláìsàn pamọ́ nítorí ohun tí aládùúgbò máa sọ. Ibà Lassa sì máa ń jọ ibà lásán níbẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ ni wọ́n á tó sáré. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ́wọ̀ ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tètè dé ni oògùn ń ràn lọ́wọ́ jù.

Torí náà, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ẹ pe ìdílé jọ. Ẹ bo gàrí àti láfún, ẹ dí ihò eku. Ẹ pinnu ẹni tó máa pe 6232, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti NCDC, tí ibà bá ṣe ẹnìkan tí oògùn ibà ò sì ràn án. Ẹ fi nọ́ńbà náà sórí fóònù ìyá yín tó ń sá láfún, kó má jẹ́ orí tiyín nìkan.