Arthur Coningham, ọ̀gá awakọ̀ òfurufú tó kó bàálù ìyẹ́ méjì wọ Kano

Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Òkè-Afá, ẹ mọ bí bàálù tó ń lọ sí Ìkẹjà ṣe máa ń kọjá lórí òrùlé wa. Àwọn ọmọdé á gbójú sókè, wọ́n á juwọ́, wọ́n á sì padà sídìí páálí àti agolo sàdíìnì tí wọ́n ń gé láti fi ṣe bàálù tiwọn. Àwọn àgbàlagbà náà ń ṣe irú nǹkan yìí o. Káàkiri ayé, àwọn èèyàn ń ra àwòṣe bàálù ogun àtijọ́ tó wà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á sì tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù bíi wúrà. Ọ̀kan lára èyí tí wọ́n máa ń tò ni DH.9A, tó ní ìyẹ́ kan lókè, ìkan nísàlẹ̀. Irú bàálù yìí gan-an ni ìtàn ìrìnnà òfurufú wa sọ pé ó kọ́kọ́ balẹ̀ sí Nàìjíríà. Arthur Coningham ló ṣáájú wọn wá.

Ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 1895 ni wọ́n bí i sí Brisbane, ní Ọsirélíà. Bàbá rẹ̀ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún orílẹ̀-èdè wọn. Àmọ́ bàbá yìí gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní Sydney lórí ẹ̀sùn àgbèrè, kò sì jàre. Lẹ́yìn ìtìjú yẹn ni ẹbí náà kó lọ sí New Zealand, níbi tí bàbá tún ti ṣẹ̀wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ jìbìtì. Ọmọ tó bá dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ṣé a lè dá a lẹ́bi tó bá ń wá ọ̀nà àtilọ?

Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, Coningham sì wọṣẹ́ ológun. Ó dé Samoa, ó dé Íjíbítì àti ilẹ̀ àwọn ará Sòmálíà, kí ibà taifọ́ọ̀dù tó dá a dùbúlẹ̀. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kò sàn fún iṣẹ́ ogun mọ́. Kò gbà. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú ọba, ó sì di awakọ̀ òfurufú níbẹ̀ lọ́dún 1916. Torí pé New Zealand ló ti wá, wọ́n ń pè é ní Maori. Ẹnu yí orúkọ náà padà di Mary, orúkọ obìnrin pọ́ńbélé, ó sì ń jẹ́ ẹ láìjanpata títí ó fi kú.

Bàálù DH.2 ló kọ́kọ́ fi jà ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí S.E.5a. Ẹni tó bá ti to àwòṣe irú bàálù wọ̀nyí rí mọ ibi tí wàhálà wà: waya. Waya ló di ìyẹ́ òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, èèyàn sì gbọ́dọ̀ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọ̀rá ìpẹja fa gbogbo rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pa páálí náà dé.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Kano. Ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1925 ni Coningham kó DH.9A mẹ́ta kúrò ní Helwan, lẹ́bàá Cairo. Wọ́n gba Khartoum àti El Fasher, wọ́n kọjá sí ilẹ̀ Chad, wọ́n ya Maiduguri, wọ́n sì balẹ̀ sí Kano lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Igi àti aṣọ ni ara bàálù náà, kò ní òrùlé, ẹ́ńjìnì Amẹ́ríkà alágbára ẹṣin 400 ló ń wà á. Oòrùn àti eruku, orí wọn ló ń rọ̀ sí. Àwọn DH.9A tó ń ṣiṣẹ́ ní aṣálẹ̀ tiẹ̀ máa ń so sípíà táyà mọ́ ẹ̀gbẹ́, bíi dánfó tó ń lọ ọ̀nà jíjìn! Ẹni tó bá ń to àwòṣe rẹ̀ má gbàgbé táyà yẹn. Ìyẹ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 14. Tí wọ́n bá dín in kù ní ìdá 48, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó rúlà ọmọ ilé-ìwé.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní London lè rí ojúlówó kan ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé RAF ní Hendon. Àwọn Jámánì ló gbà á lójú ogun ní 1918, ó wà ní Berlin, ó dèrò Poland, 1977 ló tó padà sílé.

Àmọ́ ká má parọ́, bàálù yìí kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Ní Ìráàkì, níbi tí Coningham ti ṣiṣẹ́ láti 1922, irú DH.9A yìí ni àwọn òyìnbó fi ń ju bọ́ǹbù sí abúlé tó bá ṣorí kunkun sí wọn. Ìrìn àjò Kano náà, wọ́n fẹ́ fi han ayé pé láti Íjíbítì, agbára wọn lè tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú páálí àwòṣe, bọ́ǹbù kéékèèké sábà máa ń wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìyẹ́. Àwa tí a wà ní Òkè-Afá kò nílò kẹ́nì kankan ṣàlàyé bọ́ǹbù fún wa. Lọ́jọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, nígbà tí àgọ́ ológun Ìkẹjà bú gbàmù, inú kanáàlì wa níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sá àsálà kú sí, tọmọdé tàgbà. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń to DH.9A, màá lẹ táyà, màá fa waya, inú páálí ni bọ́ǹbù máa wà.

Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, Coningham di ọ̀gá pátápátá fún àwọn ọmọ ogun òfurufú ìlú ọba ní aṣálẹ̀ Áfíríkà, àti fún àwọn tó ti àwọn ológun orí ilẹ̀ lẹ́yìn ní Normandy ní 1944. Wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá. Ó fẹ̀yìn tì ní 1947.

Lọ́jọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1948, ó wà nínú bàálù èrò kan tí wọ́n ń pè ní Star Tiger, tó ń lọ sí erékùṣù Bermuda. Èrò lásán ni lọ́jọ́ náà, ẹlòmíì ló ń wakọ̀. Èèyàn 31 ló wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni Orville Wright kú ní Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ́kọ́ fi bàálù ẹlẹ́ńjìnì fò ní 1903, ìyẹ́ méjì náà ni bàálù tirẹ̀ sì ní. Wọ́n wá Star Tiger lórí òkun títí, wọn ò rí òkú ẹnì kankan. Ẹni ọdún 53 ni Coningham.