Garrick Sokari Braide: Wòlíì Bakana àti Ìjọ Tí Ó Sàmì fún Un

Ní nǹkan bí ọdún 1882 ni wọ́n bí Garrick Sokari Braide sínú ìdílé tálákà kan ní ilẹ̀ Kalabari, ní agbègbè Niger Delta. Àwọn òbí rẹ̀ kò rówó rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà ó ti dàgbà kí ó tó wọ kíláàsì ìsàmì ní ìjọ St Andrew's ní Bakana. Ẹ̀kọ́ náà kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọmọ Kalabari ni, bẹ́ẹ̀ èdè Igbo ni ìjọ ń lò. Èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ yìí ni ó fi há Òfin Mẹ́wàá, Àdúrà Olúwa àti Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ sórí. Wọ́n sàmì fún un ní 1910. Ní 1912, Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson gbé ọwọ́ lé e lórí.

Ohun tí kíláàsì kò kọ́ ọ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀. Lóru, Braide a máa wọ inú ilé ìsìn lọ ní òun nìkan láti bẹ Ọlọ́run fún ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí àlùfáà tí ó ń darí rẹ̀. Ìwé àdúrà kò sì lè ṣe púpọ̀ fún ẹni tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni ìdánilójú ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn pé Ọlọ́run ti pe òun. Nígbà tí yóò fi di 1915, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wá gba ìwòsàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó oògùn àti ère wọn dànù, kí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà nìkan. Ó ka ọtí líle léèwọ̀, débi pé ọjà jíìnì kùtà, owó ibodè tí ìjọba ń rí lórí rẹ̀ sì fà sẹ́yìn.

Àwọn tí ó dojú kọ ọ́ nínú ìjọ kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe ìránṣẹ́ òyìnbó. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó C.M.S. ti gba àṣẹ mọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ Niger. Ìbínú ọ̀rọ̀ náà ni ó mú kí Dandeson, ọmọ rẹ̀, dá Niger Delta Pastorate sílẹ̀ ní 1892, kí àwọn aláwọ̀ dúdú lè máa ṣàkóso ara wọn. Johnson fúnra rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró, ti jẹ nínú ìyà yìí: ní 1880 ni C.M.S. mú un kúrò ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí wọ́n ti fi àṣẹ ni lára rí ni àṣẹ wá wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀rù tí ó ba Johnson kò ṣàìnídìí. Wọ́n ń pe Braide ní Èlíjà Kejì, ìròyìn sì kàn pé àwọn kan ń mu omi tí ó fi wẹ̀ bí oògùn. Fún bíṣọ́ọ̀bù tí ó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti gbógun ti ìbọ̀rìṣà, ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Síbẹ̀, ó dà bí ẹni pé ìbéèrè mìíràn ni ó wà ní ìdí ìjà náà: ta ni ó lè sọ fún ọmọ ìjọ kan pé Ọlọ́run kò bá a sọ̀rọ̀? Braide kò gba oyè àlùfáà, kò sì tọrọ àyè kí ó tó gbàdúrà fún aláìsàn. Ní 1916, Johnson ta kò ó ní gbangba. Àwọn ọmọlẹ́yìn wòlíì náà ya kúrò, wọ́n sì dá Christ Army Church sílẹ̀.

Ọdún kan náà ni ìjọba mú Braide. Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, ó sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Àkókò ogun ni. Ìjọba kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú kan tí èrò ń tẹ̀ lé báyẹn.

Johnson kú ní 1917. Braide jáde lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n kò pẹ́ láyé mọ́. Ó kú ní oṣù Kọkànlá 1918. Ìjọ tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dá sílẹ̀ kò bá a kú.