Ara Lè Rọ, Iṣẹ́ Kì Í Rọ: Ìgbésí Ayé Kọ́lá Ògúnmọ́lá

Ìfáárà

Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn àgbà òṣèré wa, orúkọ mẹ́ta ni a sábà máa ń pè pọ̀: Hubert Ògúndé, Dúró Ládiípọ̀ àti Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Nígbà tí ó bá kan Ògúnmọ́lá, eré Ọ̀mùtí ni a máa ń rò títí, a ó sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo fò kọjá ọdún mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ọdún mẹ́ta náà gan-an ni ó wù mí láti gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti lè rí ohun tí iṣẹ́ tí ènìyàn ti kọ́ lè ṣe fún un nígbà tí ara bá dalẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Òkèmẹ̀sí ní ilẹ̀ Èkìtì ni a ti bí Elijah Kọ́láwọlé Ògúnmọ́lá ní ọdún 1925. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe. Àwọn ọmọ ilé ìwé ni ó ń kọ́ ní eré àti orin kí ó tó di pé ó dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1947. Ọ̀nà tí Ògúndé ti là ni òun náà tọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìrìn wọn fi yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú jẹ Ògúndé lógún. Ìwà ọmọ ènìyàn ni ó jẹ Ògúnmọ́lá lógún ní tirẹ̀: ojúkòkòrò, owú jíjẹ, ọ̀ràn ọkọ àti aya. Àpẹẹrẹ kan ni Ìfẹ́ Owó, eré rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1965.

Kí a má gbàgbé iṣẹ́ olùkọ́ yìí o. Olùkọ́ rere kì í ṣe ẹni tí ó mọ nǹkan ṣe nìkan. Ẹni tí ó lè mú kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n ṣe ni. A ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà.

Òkìkí rẹ̀ nínú eré

Òṣogbo ni Ògúnmọ́lá fi ṣe ibùjókòó ẹgbẹ́ rẹ̀, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń káàkiri ìlú dé ìlú. Ìgbé ayé òṣèré alárìnkiri kì í ṣe kékeré. Olórí ẹgbẹ́ ni ó ń ronú eré, òun ni ó ń dá orin, òun ni ó ń pín ipa, òun náà ni yóò sì kó ipa tí ó tóbi jù. Ọ̀pọ̀ nínú eré wọn ni kò sí nínú ìwé. Orí olórí ẹgbẹ́ ni ìwé náà.

Ní 1962, ó rí ìrànlọ́wọ́ owó gbà láti ọ̀dọ̀ àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà, ó sì lo oṣù díẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ eré oníṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn. Èso àkókò náà ni Ọ̀mùtí, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1963. Inú ìwé ìtàn tí Amos Tutùọlá kọ, tí ó jáde ní 1952, ni ó ti mú un, Demas Nwoko sì bá a ṣe ètò orí ìtàgé. Tutùọlá yìí kan náà wá ṣe ìwádìí ní Yunifásítì wa ní Ifẹ̀ ní 1979. Ògúnmọ́lá fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Láńkẹ́, ọ̀mùtí tí adẹ́mu rẹ̀ kú, tí ó wá gbéra lọ sí ìlú àwọn òkú láti wá a. Ní 1969, wọ́n gbé eré náà lọ sí àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà ní ìlú Algiers. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá gbádùn rẹ̀, nítorí pé Ògúnmọ́lá mọ bí a ti ń fi ara sọ̀rọ̀ láìlo ẹnu. Ojú rẹ̀ a máa sọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ a máa dáhùn.

Àìsàn dé

Ní 1970, nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Ahun ń fi igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ilé. Òṣèré ń fi ara rẹ̀ ṣe oko àti ọjà. Bí apá akọ̀wé bá rọ, yóò pe ẹlòmíràn kí ó bá òun kọ ọ́. Ta ni òṣèré yóò pè kí ó bá òun fi ojú rẹ́rìn-ín?

Síbẹ̀, ní 1972, Ògúnmọ́lá padà sí orí ìtàgé.

Èrò tèmi lórí bí èyí ti ṣeé ṣe nìyí. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn òde òní ti fi yé wa pé lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀, àtúnṣe lemọ́lemọ́ ni ó ń ran aláìsàn lọ́wọ́: kí ó gbé ọwọ́ kan náà sókè nígbà púpọ̀, kí ó tún ọ̀rọ̀ kan náà pè títí ọpọlọ yóò fi tún ọ̀nà rẹ̀ mọ̀. Ohun tí ó ń sú ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí. Ṣùgbọ́n kí ni ìdánrawò eré bí kò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́? Ó ti lé ní ogún ọdún tí Ògúnmọ́lá ti ń tún ìrìn kan ṣe títí yóò fi bọ́ sí i, tí ó sì ti ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tí ń wo irin iṣẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ láìlo ẹnu kò ní tètè di odi. Ẹni tí ó sì ti jẹ́ olùkọ́ lè jókòó sórí àga kí ó máa darí ẹni tí ó dúró.

N kò sọ pé iṣẹ́ wo àrùn sàn o. Ní 1973 ni Ògúnmọ́lá kú, kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún. Ohun tí mo ń sọ ni pé láàárín ìṣubú àti ikú rẹ̀, ó tún jẹ́ òṣèré.

Ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ọ́

Ọdún 1925 náà ni a bí Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, ìbọn àwọn ará Japan fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Burma. Àwọn ará abúlé ibẹ̀ ni wọ́n fi í pamọ́ títí di ìparí ọdún náà. Ó tiro títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ti kà kí ogun tó dé ni ó sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ ìjọba, òun kan náà ni ó sì fi kọ ìtàn ara rẹ̀, tí ó jáde ní 1999. Ó kú ní 2012.

Ẹ̀kọ́ fún wa

Ní Ilé-Ifẹ̀ yìí, ẹni òrìṣà ni a ń pe arọ, abuké àti àfín, nítorí pé ọmọ Ọbàtálá ni wọ́n. Ọ̀wọ̀ ńlá ni. Àmọ́ mo máa ń rò ó pé a ti fi ọ̀wọ̀ náà ṣe ìdágbére fún wọn. A ń fún wọn ní owó, a ń yà fún wọn lọ́nà, a kì í bi wọ́n pé: iṣẹ́ wo ni ẹ mọ̀? Bí ìjàm̀bá ọkọ̀ bá gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀, ìyà ni a ń bá a káàánú, a kì í wo ọwọ́ méjèèjì tí ó ṣẹ́ kù. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan ní 2019 tí ó ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ààyè iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Òfin dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba ènìyàn síṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé onítọ̀hún mọ nǹkan kan.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé Ògúnmọ́lá kò bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun nígbà tí àrùn dé. Èyí tí ó ti ní ni ó lò. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá tún ń kọ̀wé nípa rẹ̀, kí a má ṣe parí rẹ̀ sí Algiers ní 1969. Kí a kọ ọ́ dé 1972.