Adolph Rupp ti Kentucky: Olùkọ́ni tí Ìlú Fẹ́ràn, àti Ohun tí Ó Fi Sílẹ̀



Àṣà wa ni pé a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú. Nígbà ìsìnkú, a ó ka ìtàn ẹni tí ó lọ, a ó ka iṣẹ́ rere rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì dákẹ́ lórí ìyókù. Àṣà yìí dára níwọ̀n bí ó ti ń tu àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ àwọn tí ó kù lẹ́yìn kò pọ̀. Nítorínáà ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn olùkọ́ni kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Adolph Rupp, ẹni tí àwọn ará ìpínlẹ̀ Kentucky fẹ́ràn gidigidi, tí àwọn ènìyàn sì ń jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú láti ọdún 1977.

A bí Adolph Frederick Rupp ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, ọdún 1901, ní Halstead, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kansas. Àgbẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ ìjọ Mennonite ni wọ́n, láti ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n sì ti wá tẹ̀dó síbẹ̀. Òun ni ọmọ kẹrin nínú ọmọ mẹ́fà. Kò tíì pé ọmọ ọdún 10 nígbàtí bàbá rẹ̀ kú, iṣẹ́ oko sì di ti ìyá àti àwọn ọmọ.

Nígbàtí ó dàgbà, ó lọ sí Yunifásítì Kansas, níbẹ̀ ni ó sì gbé bá ọkùnrin méjì pàdé. Èkíní ni James Naismith, àlùfáà ìjọ Presbyterian. Òun ni ó dá eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Springfield ní ọdún 1891, nígbàtí ó so apẹ̀rẹ̀ èso méjì kọ́ sókè kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lè rí eré ṣe nínú ilé ní àkókò òtútù. Èkejì ni Phog Allen, tí ó ń kọ́ ẹgbẹ́ yunifásítì náà ní eré yìí. Rupp kì í ṣe ògbóǹtagí agbábọ́ọ̀lù rárá. Orí bẹ́ǹṣì ni ó máa ń jókòó sí nígbà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti jókòó, ó ń wò, ó sì ń kọ́.

Lẹ́yìn tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1923, ó ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé girama mélòó kan. Ní ìlú Freeport, níbi tí ó wà láti ọdún 1926 sí 1930, ọmọ aláwọ̀ dúdú kan wà lára àwọn tí ó kọ́ ní eré náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Ní ọdún 1930, Yunifásítì Kentucky ní ìlú Lexington pè é, ó sì lo ọdún 42 níbẹ̀. Ẹni líle ni. Nígbà ìdánrawò, òun àti igbákejì rẹ̀ nìkan ni a ó máa gbọ́ ohùn wọn. Ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ sí ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti oko àti láti àwọn òkè tí a ti ń wa èédú, nítorí ó mọ bí a ti í sọ ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ di ẹni tí gbogbo ìpínlẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀. Ìgbà 876 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ borí, ìgbà 190 péré ni a sì borí wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà: ní 1948, 1949, 1951 àti 1958. Ní ọdún 1948 kan náà, márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí London nínú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà fún ìdíje Olympics, òun fúnrarẹ̀ sì ni igbákejì olùkọ́ni. Wúrà ni wọ́n gbà bọ̀. Ní ìpínlẹ̀ tí ọrọ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀, ayọ̀ ńlá ni èyí jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú kékeré wo ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i.

Nísisìyí ó di dandan kí a sọ apá kejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1951, àṣírí tú ní New York pé àwọn atatẹ́tẹ́ ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní owó àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí àwọn ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ dín iye àmì tí wọ́n yóò fi borí kù, kí owó tẹ́tẹ́ lè bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀. Rupp fọ́nnu nígbà náà pé kò sí atatẹ́tẹ́ tí ó lè súnmọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, a mú mẹ́ta nínú àwọn tí ó ti kọ́. Wọ́n jẹ́wọ́ pé olúkúlùkù àwọn gba 500 dọ́là lórí ìdíje kan tí wọ́n gbá ní 1949. Méjì nínú wọn, Ralph Beard àti Alex Groza, wà lára àwọn tí ó gba wúrà ní London. A sì lé àwọn méjèèjì kúrò nínú eré tí ó ń mú owó wọlé fún wọn, títí láé. Adájọ́ Saul Streit kò dá ẹ̀bi dúró lórí àwọn ọmọ nìkan. Ó fi hàn pé olùkọ́ni náà mọ ọkùnrin kan ní Lexington tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba owó tẹ́tẹ́, àti pé yunifásítì náà ti fi ìṣẹ́gun ṣáájú ìwà. A dá ẹgbẹ́ náà dúró fún sáà 1952 sí 1953. Nígbàtí wọ́n padà, wọ́n gbá ìdíje 25, wọ́n sì borí nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn ènìyàn sì tún hó fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n Beard àti Groza kò padà.

Ẹ rántí Élì àlùfáà. Kì í ṣe òun ni ó jalè níbi pẹpẹ, ṣùgbọ́n a bi í léèrè nípa àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì wúwo ju ti èkíní lọ. Òfin Kentucky ti ọdún 1904 kọ̀ fún àwọn ọmọ dúdú àti funfun láti jọ kàwé pọ̀. Kì í ṣe Rupp ni ó ṣe òfin yìí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1954 ni yunifásítì náà ti ń gba àwọn ọmọ dúdú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yunifásítì, kò sì sí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ọdún 15 fi kọjá. Òótọ́ ni pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ìhà gúúsù, tí wọ́n ń bá a díje, kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú lórí pápá wọn. Òótọ́ sì ni pé ó pe Wes Unseld ní 1964, tí ọmọ náà sì yàn láti lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n nínú yunifásítì kan náà, ọmọ dúdú ti gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Amẹ́ríkà ní ọdún 1967. Perry Wallace sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún Vanderbilt, ilé-ẹ̀kọ́ ìhà gúúsù bíi tiwọn. Dean Smith ní North Carolina, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ Phog Allen, ti gba Charlie Scott ní 1966. Ọ̀nà là, ẹni tí ó fẹ́ rìn ín rìn ín.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1966, ẹgbẹ́ Rupp, tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun, pàdé Texas Western nínú ìdíje àṣekágbá. Ọmọ dúdú márùn-ún ni Don Haskins fi bẹ̀rẹ̀ eré, àwọn dúdú nìkan ni ó sì lò títí dé òpin. Wọ́n borí pẹ̀lú àmì 72 sí 65. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ Rupp ti di àpẹẹrẹ ilẹ̀kùn tí a tì. Ní ọdún 1969 ni ó tó gba Tom Payne, ọmọ dúdú àkọ́kọ́. Nígbà náà ó kù ọdún mẹ́ta kí iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Ẹ̀rí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò ṣọ̀kan. Àwọn kan wí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn sí àwọn dúdú ń jáde lẹ́nu rẹ̀; àwọn mìíràn tí wọ́n bá a gbé pẹ́ wí pé àwọn kò gbọ́ ọ rí. Èmi kò lè ṣe ìdájọ́ ọkàn rẹ̀, Ọlọ́run ni ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ dúdú ti Freeport fi hàn pé kì í ṣe àìmọ̀ ni ó dá a dúró. Ó ti ṣe é rí nígbàtí kò ní orúkọ. Nígbàtí ó ní orúkọ àti agbára, kò ṣe é mọ́ títí ó fi pẹ́ jù.

Ní ọdún 1972, nígbàtí ó pé ẹni 70, òfin yunifásítì mú kí ó fẹ̀yìntì, bí kò tilẹ̀ fẹ́. Ní 1976 a ṣí ilé eré ńlá kan ní Lexington, a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1977 ni ó kú, ní alẹ́ tí Kentucky ń bá Kansas díje ní Kansas, níbi tí òun gbé ti kọ́ eré náà. Ní ọdún 2020, àwọn olùkọ́ kan nínú yunifásítì náà bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ilé náà; orúkọ náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, èmi kò pe yín láti gé orúkọ òkú kúrò, n kò sì pè yín láti fi ẹfun kùn ún. Mo pè yín kí olúkúlùkù wa wo ìwé orúkọ kíláàsì rẹ̀. Nínú àwọn tí ń gba àmì-ẹ̀yẹ fún wa, ta ni a kò bi léèrè ibi tí ó ti ń rí owó? Nínú àwọn ọmọ àdúgbò wa, ta ni orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí ìdílé rẹ̀, tàbí nítorí tálákà ni, tàbí nítorí àwọn ará ìlú yóò kùn? Rupp ní ọdún 42 láti dáhùn. A kò mọ iye tí a fi fún wa.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn títọ́ nígbàtí ọjọ́ ṣì wà. Àmín.