Jacques Callot, Ẹni Tó Ya Dírágónì Sórí Bàbà

Callot ló kàn. Ìlú Nancy ní ilẹ̀ Lorraine, tó ti di ara Faransé báyìí, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1592. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí kó kọ́ṣẹ́, àmọ́ Ítálì ló wà lọ́kàn ẹ̀. Ó dé Róòmù, ó dé Florence, ìdílé Medici sì gbà á síṣẹ́. Nígbà tí Cosimo Kejì kú lọ́dún 1621, ó padà sílé.

Báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́: á fi fánííṣì bo bàbà pẹlẹbẹ, á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ha àwòrán sí i, á wá da ásíìdì lé e. Ibi tó bá ha nìkan ni ásíìdì máa jẹ. Yíǹkì á wọ ojú ìlà náà, wọ́n á tẹ bébà mọ́ ọn, ó parí. Fánííṣì líle táwọn tó ń ṣe ohun èlò olókùn ń lò ló mú wọnú iṣẹ́ yìí, ìyẹn ni ìlà rẹ̀ fi mọ́ tónítóní.

Lọ́dún 1633, Ọba Louis Kẹtàlá gba Nancy. Wọ́n ní ọba fẹ́ kó ya àwòrán ìṣẹ́gun náà. Callot tó ti ya irú ẹ̀ fún ọba yìí rí kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun á kúkú gé àtàǹpàkò òun. Ọba ńlá o! Lọ́dún yẹn gan-an ló gbé àwòrán 18 jáde lórí ìyà tí ogun ń mú wá: sójà ń jalè, wọ́n ń so èèyàn kọ́ igi.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi ẹranko àràmàǹdà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ìgbà yẹn kì í yà wọ́n ṣeré. Ẹyẹ fíníìsì tó jóná tó tún dìde nínú eérú, àjíǹde Jésù ni. Ẹṣin oníwo kan tó gbórí lé ẹsẹ̀ wúńdíá, Jésù àti Màríà ni. (Agbanrere ni Bíbélì wa pe oníwo kan yìí!) Dírágónì ní tiẹ̀, Èṣù inú Ìfihàn ni. Callot ya ìdánwò Antonio Mímọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìkejì, ẹ̀mí èṣù abìyẹ́ kan gba ojú ọ̀run kan, ó ń pọ àwọn kéékèèké jáde lẹ́nu. Ẹ máa wá Antonio fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i, ó kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síbẹ̀ kò juwọ́ sílẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Ó kú ní Nancy lóṣù kẹta ọdún 1635. Lọ́dún 1646 ni wọ́n tó tẹ ìwé àwòrán àkàwé rẹ̀ nípa ìgbésí ayé Màríà ní Paris, pẹ̀lú ewì Látìn àti Faransé lábẹ́ àwòrán.