Johnny Smythe, Atọ́nà Ọkọ̀ Òfúrufú

Ẹ̀yin ará ní Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ẹ kò ṣàì mọ Sàró, níbi tí a kó Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lọ ní 1822, nígbà tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ní Freetown, olú ìlú ibẹ̀, ni a bí Johnny Smythe ní 1915.

Nígbà ogun Hitler, ó fi ara rẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfúrufú ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi í ṣe atọ́nà ọkọ̀ tí ń ju bọ́ǹbù. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Nínú òkùnkùn, òun ni ó ń wo àwòrán-ilẹ̀, tí ó ń ṣírò, tí ó sì ń sọ ibi tí awakọ̀ yóò yà sí. Bí ìṣirò rẹ̀ bá ṣì, gbogbo wọn lè ṣègbé. Ó ju ìgbà 20 lọ tí ó lọ tí ó sì bọ̀. Ní November 1943, àwọn ará Jámánì já ọkọ̀ wọn lulẹ̀. Smythe bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ lára, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́. Àgọ́ ìgbèkùn ní Barth ni ó wà títí àwọn ará Rọ́ṣíà fi dá wọn sílẹ̀ ní 1945.

Ní 1948, ìjọba fi í sínú ọkọ̀ Empire Windrush láti sin àwọn ọmọ-ogun ará West Indies padà sílé. Lẹ́yìn náà ó kọ́ ìmọ̀ òfin, ó padà sí Freetown, ó sì di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba.

Ó máa ń sọ pé níbẹ̀ ni òun ti pàdé aṣojú ìjọba Jámánì kan, tí ó ti jẹ́ awakọ̀ òfúrufú rí. Wọ́n fi ọjọ́ àti ibi wé ara wọn, wọ́n sì rí i pé ó dà bí ẹni pé ọkùnrin yìí gan-an ni ó já ọkọ̀ Smythe. Wọ́n dì mọ́ ara wọn.

Ní 1996 ni Smythe kú, ní England.