Edgar Codd: Ẹni Tó Lanà Fún Àkọsílẹ̀ Tó Wà Lókèèrè

Olóòtú ní kí n kọ ìtàn ìgbésí-ayé èèyàn ńlá kan tó ti lọ, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣe wá lóore. Mo mọ̀ pé olóṣèlú tàbí oníṣòwò ńlá lẹ ó máa retí. Ẹ má bínú, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo mú wá, ìdí rẹ̀ ò sì jìnnà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi ìpàdé kan báyìí tí a ṣe níhìn-ín, ẹ ó rántí. Akọ̀wé ń ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ lówó. Ó dé orí orúkọ arákùnrin wa kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó kù díẹ̀ kó pè é lẹ́ẹ̀kẹta ni ìyàwó rẹ̀ dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó sì rọra jáde. Arákùnrin náà ti di olóògbé láti bí oṣù mélòó kan. Ẹ̀ka wa ti òkè òkun ti kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn, wọ́n tiẹ̀ ti bá a san gbogbo gbèsè tó kù. Ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ ní ọdún tó ṣáájú ni akọ̀wé wa ń kà ní tirẹ̀. Ìwé méjì tó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ kan náà ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni Edgar Frank Codd, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ted, fi ọ̀pọ̀ ọdún bá fà á.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní Portland, ìlú erékùṣù kan ní Dorset, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ó kàwé ìṣirò àti kẹ́mísírì ní Oxford. Nígbà ogun Hitler, ó wọ iṣẹ́ ológun òfuurufú, ó ń wa bàlúù Sunderland, irú èyí tó máa ń balẹ̀ sórí omi òkun.

Ní 1948 ó kọjá sí New York, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní IBM gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ìṣirò tó ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di 1953, tí Sẹ́nátọ̀ McCarthy ń fi ẹ̀sùn kọ́múníìsì dààmú àwọn èèyàn kiri, inú bí Codd, ó kó ẹrù rẹ̀, ó di Kánádà. Ọdún 1957 ló tó padà sí Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ló tún padà sí ilé-ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Michigan ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nígbà tó ti lé ní ẹni 40 ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ọjọ́ orí ti lọ, ẹ gbọ́ o!

San Jose, ní California, ló ti wá ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí. Ṣé ẹ mọ bó ṣe máa ń rí ní ọ́fíìsì ìjọba àtijọ́? Bí ẹ bá fẹ́ fáìlì kan, ẹ gbọ́dọ̀ mọ kọ́bọ́ọ̀dù tó wà, pẹpẹ wo, abẹ́ fáìlì wo. Bí mẹ́sẹ́ńjà bá sì yí kọ́bọ́ọ̀dù padà lóru, ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn dátábéèsì ìgbà yẹn ṣe rí. Èyí tí IBM fúnra wọn ń tà, IMS, bí igi tó yọ ẹ̀ka ni wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ẹni tó ń kọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa tọ ẹ̀ka kan bọ́ sí òmíràn títí yóò fi bá ohun tó ń wá.

Ní oṣù kẹfà 1970, Codd tẹ ìwé kan jáde, ojú-ewé 11 péré. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé kí a to gbogbo àkọsílẹ̀ sínú àtẹ, onílà ìbú àti onílà òòró, bíi rẹ́jísítà tí tíṣà fi ń pe orúkọ wa láàárọ̀. Kí ẹni tó ń bèèrè sọ ohun tó fẹ́ mọ̀ nìkan. Kí dátábéèsì fúnra rẹ̀ wá ibi tó wà àti ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀. Nínú ìwé kan náà ló ti sọ̀rọ̀ lórí ewu kíkọ ohun kan síbi púpọ̀, tí ibì kan á yí padà tí ibòmíràn ò ní yí.

Ẹ ó rò pé IBM á gbé e gẹ̀gẹ̀. Rárá o. IMS ń pa owó wọlé fún wọn, ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́? Codd ò dákẹ́. Ó ń bá àwọn oníbàárà IBM sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, ní 1974 ó sì bá Charles Bachman, ọ̀gá àwọn tó fara mọ́ ọ̀nà àtijọ́, jiyàn ní gbangba. Ọdún yẹn kan náà ni Chamberlin àti Boyce, àwọn náà ní IBM, gbé èdè ìbéèrè tó di SQL jáde. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, tó di Oracle lẹ́yìn ọ̀la, ló kọ́kọ́ gbé tiwọn dé ọjà ní 1979, kí IBM tó gbé tiwọn jáde ní 1981. Ọdún 1981 náà ni Codd gba ẹ̀bùn Turing, tí kò sí ẹ̀bùn kọ̀ǹpútà tó jù ú lọ.

Ní 1985, lẹ́yìn tó ti kúrò ní IBM, ó kọ òfin 12 tí a ó fi mọ ojúlówó dátábéèsì (13 ni bí ẹ bá kà wọ́n, nítorí láti orí òdo ló ti bẹ̀rẹ̀). Ìkọkànlá ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́: bí àkọsílẹ̀ bá tiẹ̀ pín sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò gbọdọ̀ yí ọ̀nà tí a ń gbà bèèrè padà. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ cloud nígbà náà. Cloud yìí kì í ṣe àwọsánmà tí òjò ń ti inú rẹ̀ rọ̀ o. Kọ̀ǹpútà ńláńlá àwọn ẹlòmíràn ni, tí a ń háyà àyè nínú rẹ̀. S3 ti Amazon, tí ọ̀pọ̀ ń kó fáìlì sí, ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ ó ṣe àtẹ kan nínú dátábéèsì ilé, tí kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ ó kọ orúkọ àwọn ìlà òòró rẹ̀: orúkọ, ọdún tó jáde, owó tó san, ó wà láàyè àbí ó ti di olóògbé. Ẹ ó wá sọ fún un pé ohun tó wà nínú àtẹ yìí, ibi báyìí ló wà ní cloud, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí. Ẹ ò kó ẹ̀dà kankan wálé. Ìgbà tí akọ̀wé bá bèèrè ni dátábéèsì á lọ bá fáìlì náà, á kà á bó ṣe wà lọ́jọ́ yẹn, á sì so ó pọ̀ mọ́ rẹ́jísítà ilé bí ẹni pé ojú kan ni àwọn méjèèjì ti wà tẹ́lẹ̀. PostgreSQL, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ti ń ka irú àtẹ òkèèrè báyìí láti 2011.

Kò ṣàì ní wàhálà tirẹ̀ ṣá. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, kò sí ìdáhùn. Àwọn kan ń gba owó gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹ kà ṣe pọ̀ tó, nítorí náà, èyí tó gbọ́n ni kí ìbéèrè lọ ṣa ohun tó fẹ́ lọ́hùn-ún, kó má kó gbogbo ẹrù wálé. Dátábéèsì ilé ò sì lè ní kí ará ọ̀hún má kọ orúkọ ẹnìkan lẹ́ẹ̀mejì. Mo rò pé Codd kò ní fẹ́ràn ìyẹn, nítorí ọkùnrin náà le lórí ọ̀rọ̀ òfin.

Ní 18 oṣù kẹrin 2003, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ nílé rẹ̀ ní Florida, ó jẹ́ ẹni ọdún 79. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n tẹ apá SQL tó wà fún àkọsílẹ̀ ìta jáde lákọ̀tun, tí wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ sí i.

Ìgbìmọ̀ rẹ́jísítà wa ti ní fáìlì ẹ̀ka òkè òkun ní cloud. Ohun tó kù ni kí a ṣe àtẹ tí yóò máa wò ó láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níhìn-ín. A ó gbé e wá sí ìpàdé ọ̀sán Sátidé, kí a tó ka orúkọ ẹnikẹ́ni.